Ibi Iṣẹ́ Tó Tura, Owó Oṣù Tí Kò Tó

  Lọ́tẹ̀ yìí, a kò ní sọ̀rọ̀ lórí ọmọ títọ́ tàbí ìtọ́jú ilé gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ìbéèrè kan ni wọ́n gbé wá bá wa, a dáhùn rẹ̀ kíákíá, ìdáhùn náà kò sì jẹ́ kí a lè sùn. Ohun tí a rò lẹ́yìn rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa, abiyamọ ọlọ́mọ méjì, dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí òpópó Kírìkírì. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 38,000 náírà. Ó ní ilé-ìwé náà tu òun lára. Ìyá tí ó ni ilé-ìwé náà kì í bú ènìyàn, kì í sì í jẹ́ kí òbí kankan bú tíṣà níwájú àwọn ọmọ. Láràárọ̀ ni wọ́n jọ ń gbàdúrà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kékeré ṣàìsàn tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ kíláàsì rẹ̀, kò sì yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó rẹ̀. Ìdajì owó ilé-ìwé ni ó ń san lórí ọmọ rẹ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan tí ó ń fi táńkà gbé epo, níbi àwọn àgbá epo ràgàjì tí ó wà lápá Kírìkírì níbẹ̀, ń wá akọ̀wé. Wọ́n ní àwọn yóò san 110,000 náírà. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ náà, láti aago méje àárọ̀ títí di ìgbà tí táńkà ìkẹyìn bá jáde. Ọ̀gá ibẹ̀ a máa pariwo mọ́ ènìyàn. Omijé ni ẹni tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi kúrò. "Màmá," ó ní, "kí ni kí n ṣe?"

A kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. A rán an létí ohun tí ó wà nínú ìwé Òwe orí kẹẹ̀ẹ́dógún, níbi tí Sólómọ́nì ti fi ewébẹ̀ inú ìfẹ́ wé màlúù àbọ́pa inú ìkórìíra. A ní kí ó dúró níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, pé owó kì í ra àlàáfíà. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Bí ó ti ń dìde ni ó sọ ohun kan. Kò fi àfojúdi sọ ọ́ rárá, ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti rẹ̀: "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ̀yin ṣáà ń gba owó ìfẹ̀yìntì."

Ọ̀rọ̀ náà bá wa délé.

Nígbà tí a jókòó ni a tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tí ó yẹ kí a ti ṣe kí a tó la ẹnu. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Olódì Àpápá. Ọkọ rẹ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí kì í ṣe tirẹ̀, ojoojúmọ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ dá owó fún ẹni tí ó ni ín, ọjà ìbáà tà, ìbáà má tà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo fò láti bí 190 náírà dé nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, èrè ọkọ rẹ̀ ti di ohun tí à ń ṣa ní ilẹ̀. Ta wá ni ó ń fi kún èyí tí kò tó? Ìyá ọmọbìnrin náà ni. Obìnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó ń dín àkàrà ní Ajégúnlẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí. Òun ni ó ń ra gàárì àti ẹ̀wà ilé wọn láti bí ọdún méjì. Àlàáfíà tí a ní kí ọmọ náà dì mú, ẹnìkan wà nídìí agbada tí ó ń san owó rẹ̀, a kò sì bi í léèrè bóyá ó ṣì lè san án.

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń fi owó kan wé òmíràn. Ohun tí a kì í ṣe ni pé kí a bèèrè ẹni tí ó ń fi tirẹ̀ dí ihò náà. Bí owó oṣù kò bá tó, kì í ṣe pé àìtó náà ń wọ inú afẹ́fẹ́ lọ. Ẹnìkan ni ó ń gbé e. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ ọmọ tí kò lè lọ sí ilé-ìwé, ó lè jẹ́ ẹni tí ó wá ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ìwé ẹ̀rí tíṣà Gíréèdì Tuù ni a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí Gómìnà Lateef Jakande ń kọ́ ilé-ìwé káàkiri Èkó kí àwọn ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé ọ̀sán. Ní ọdún 1981, òfin sọ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní 125 náírà. Kí ọdún 1991 tó dé tí wọ́n sọ ọ́ di 250, agbára náírà ti relé láti ìgbà ètò ọrọ̀ ajé SAP ti ọdún 1986, ìlọ́po méjì náà kò sì ra ohun tí ìdajì rẹ̀ ń rà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa nígbà náà jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́. A kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé owó wa kò tó, àti pé nígbà mìíràn kì í tètè wọlé, nítorí náà ó gbé ojú kúrò lára wa. Àwa tíṣà ń ta súìtì, ṣinṣín, bisikíìtì àti omi dídì nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ gan-an ni oníbàárà wa. Bí ẹnìkan bá fẹ́ sáré dé ọjà Bọ́ńdárì ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀gá yóò ní kí ó máa lọ, kí ó ṣáà tètè dé. A fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Títí di òní, bí àwa ẹgbẹ́ tíṣà ìgbà náà bá pàdé níbi ìnáwó, oore rẹ̀ ni a ń rò.

Ṣùgbọ́n ta ló ni aago mẹ́wàá yẹn? Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ni, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń pariwo, tí ẹni tí ó gba ìwà nínú wọn ń kọ orúkọ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ sí ojú pátákó. Àwọn mìíràn nínú wọn kúrò lọ́wọ́ wa láì mọ bí a ti ń pín 84 sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n, òbí wọn kò ní owó tí yóò fi san tíṣà ilé. Àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n san ìyókù owó oṣù wa. A kò rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. A rò pé ibi iṣẹ́ wa dára ni, ó sì dára lóòótọ́, fún àwa.

Láàárín ọdún wọ̀nyí ni ẹnìkan fi iṣẹ́ lọ̀ wá ní ọ́fíìsì kan tí ó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Ìlọ́po méjì owó wa ni. A kò lọ. Bí wọ́n bá bi wá bóyá a kábàámọ̀, ìdáhùn wa kì í jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́. Àwọn tí a kọ́ ti di nọ́ọ̀sì, wọ́n ti di mẹkáníìkì, wọ́n ń kí wa láti inú dánfó. Ṣùgbọ́n àkọ́bí wa fi ọdún méjì jókòó sílé lẹ́yìn ìdánwò ìwé mẹ́wàá nítorí pé owó kò sí. Ó ti dàgbà nísinsìnyí, ó ní ilé tirẹ̀, kò sì tíì gbàgbé.

Ẹ má wá gbọ́ ọ báyìí kí ẹ rò pé à ń sọ pé kí gbogbo ọmọ wa sáré tẹ̀lé ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀. Owó wà tí a kò gbọdọ̀ gbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ lóru ní ilé iṣẹ́ kan ní Odógunyàn, lápá Ìkòròdú. Àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ilé, ìlẹ̀kùn sì wà ní títì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò jáde mọ́. Ìyá tí ó rán ọmọ lọ síbẹ̀ nítorí owó oṣù, kí ni yóò fi owó ṣe?

Baba wa John Wesley wàásù lórí lílo owó, wọ́n sì tẹ ìwàásù náà jáde ní ọdún 1760. Èyí tí àwa Mẹ́tọ́díìsì máa ń rántí kò ju ìmọ̀ràn mẹ́ta lọ: kí a wá owó tó bí a ti lè wá, kí a fi pamọ́, kí a sì fi ta àwọn ẹlòmíràn lọ́rẹ. Nígbà ìkórè ni a tún máa ń rántí ẹ̀kẹta jù. Ṣùgbọ́n apá àkọ́kọ́ ìwàásù náà ni ó kan ọ̀rọ̀ wa yìí, nítorí Wesley fi ọgbà yí owó wíwá ká. Ó ní kí a má ṣe wá a pẹ̀lú ìpalára ara wa, tàbí ti ọkàn wa, tàbí ti ọmọnìkejì wa. Kò sọ ọ́ lójú àlá. Ó dárúkọ àwọn tí ń bá oró ásẹ́níìkì ṣiṣẹ́, àwọn tí ń fa èéfín òjé yíyọ́ sí imú. Ó tilẹ̀ dárúkọ àwọn tí ń fi wákàtí púpọ̀ jókòó kọ̀wé pẹ̀lú ìdoríkodò. Ó ní iṣẹ́ tí kò bá jẹ́ kí ènìyàn rí àkókò jẹun kí ó sì sùn bó ti yẹ, kí a má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti wà nínú rẹ̀, kí ó tètè fi pààrọ̀ èyí tí ara rẹ̀ yóò lè gbé, owó ọ̀hún ìbáà tilẹ̀ dínkù. Ẹni tí ó bá ti rìn ní ọ̀nà Kírìkírì nígbà tí táńkà tò gbọọrọ, tí gbogbo wọn tan ẹ́ńjìnnì, yóò mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni baba náà ń bá wí. Nítorí náà, ìbéèrè ọmọbìnrin wa kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Abiyamọ tí ó bá jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí ó wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí wọ́n sì ti fi èébú bọ́ ọ láti òwúrọ̀, yóò gbé èébú náà wọlé fún ọkọ àti ọmọ ni.

Bí ó bá jẹ́ pé Wesley nìkan ni a kà, à bá tún sọ pé kí ó dúró síbi tí ó wà. Ìwé Rúùtù ni ó yí wa lérò padà. Gbogbo wa mọ orí kejì ìwé náà dáadáa, a ti ṣe é ní eré ní ọjọ́ Àwọn Obìnrin kò níye. Bóásì dé oko, ó fi orúkọ Olúwa kí àwọn olùkórè, àwọn náà sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìbùkún. Ẹ wo bí oko náà ti tura tó! Ó kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan Rúùtù. Ó ní bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kí ó mu nínú omi tí àwọn ọmọkùnrin pọn. Ní ìgbà oúnjẹ, ó pè é wá sí àárín wọn, ó yan àyangbẹ ọkà fún un. Bí àwọn oníwàásù bá dé ibí yìí, wọ́n máa ń kí Bóásì kú iṣẹ́, a ó sì kọrin. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò tíì parí. Bóásì tún pàṣẹ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọkà sílẹ̀ fún un láti inú ìtí. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, Rúùtù pa ohun tí ó ṣà, ó tó òṣùwọ̀n éfà kan ọkà bàálì, ó sì gbé e relé.

Ìyá kan wà nílé. Náómì kò sí lóko. Kò gbọ́ ìkíni Bóásì, kò jókòó níbi oúnjẹ ọ̀sán, kò mọ bí wọ́n ti bá Rúùtù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó. Ọkà tí ó rí ni ó fi mọ̀ pé ẹni rere ni ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkà ni ó sì jẹ́ kí ó bèèrè ibi tí Rúùtù ti pèéṣẹ́. Bí Rúùtù bá ti wá sílé pẹ̀lú ìtàn ìkíni nìkan, ebi ni ìyá ọkọ rẹ̀ yóò fi gbọ́ ìtàn náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó ní Náómì tirẹ̀.

Àwọn baba wa náà ti wọn ọ̀rọ̀ yìí rí, kí àwọn aláwọ̀ funfun tó mú owó oṣù dé. Ẹ rántí àáró. Èmi ro oko rẹ lónìí, ìwọ ro tèmi lọ́la. Kò sí ẹni tí ń san kọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tí a rẹ́ jẹ, nítorí pé ohun tí ó ti ọwọ́ kan jáde yóò padà sí i. Ẹ sì rántí ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, olówó tí ó bá mọ ohun tí ó yẹ kì í sì í lù ú bí ẹrú. Àwọn mìíràn a máa bá wọn jẹun, wọ́n a máa pè wọ́n ní ọmọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè. Èlé owó ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè fi ogún ọdún roko olówó aláàánú, kí iye tí wọ́n yá ṣì dúró pérépéré bí ó ti wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí olówó ṣì máa pè é ní ọmọ mi. Ìjọba fi òfin dá a dúró, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

A wá ń bi ara wa léèrè pé ibi iṣẹ́ tó tura tí owó rẹ̀ kéré, ṣé àáró ni tàbí ìwọ̀fà? Bí onílé-ìwé náà fúnra rẹ̀ bá ń jẹ gàárì, tí ó ń fi èyí tí ó ní pín, tí ó sì ń kọ́ ọmọbìnrin náà ní ohun tí yóò fi dúró lọ́la, àáró ni wọ́n ń ṣe. Bí owó bá ń wọlé fún un, tí ó sì ń fi ẹ̀rín àti àdúrà òwúrọ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí èkejì ń jẹ́. Ìwà pẹ̀lẹ́ jẹ́ ohun tí ènìyàn jẹ ọmọnìkejì rẹ̀ láìgba owó. A kò gbọdọ̀ kà á mọ́ owó oṣù, gẹ́gẹ́ bí a kò ti lè sọ fún oníṣòwò pé a kí i dáadáa, kí ó dín owó ìrẹsì kù.

Báwo ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe mọ̀ èyí tí ó jẹ́? Kò lè mọ̀ ọ́n bí kò bá bèèrè. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń ba àwa ọmọ ìjọ, nítorí wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tí ó ń bèèrè owó kò ní ìtẹ́lọ́rùn. Wọ́n á ní ṣebí Jòhánù Onítẹ̀bọmi sọ nínú Lúùkù orí kẹta pé kí ènìyàn jẹ́ kí owó iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ lọ wo àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ogun ni wọ́n, tí wọ́n ń fi ipá gba ohun ọlọ́hun. Ẹni tí ó ní idà lọ́wọ́ ni Jòhánù ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Àti nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì yìí gan-an, George Loveless tí ó jẹ́ oníwàásù wa ní abúlé Tolpuddle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bèèrè. Àgbẹ̀ alágbàro ni. Wọ́n ti gé owó wọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ṣílè méje lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé yóò di mẹ́fà. Òun àti àwọn márùn-ún mìíràn kó ara wọn jọ láti sọ pé kò tó. Ní ọdún 1834, wọ́n dájọ́ ọdún méje fún wọn, wọ́n fi ọkọ̀ kó wọn lọ sí Australia bí ọ̀daràn. Ọdún 1836 ni wọ́n tó dárí jì wọ́n. Kò sí ẹni tí ó ń pe Loveless ní aláìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn lónìí.

Níbí náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní oṣù kan, nítorí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù sì dúró lójú kan. Michael Imoudu ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú rẹ̀. A fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ Alimotu Pelewura pẹ̀lú, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ náà. Obìnrin ọjà mọ ohun tí owó oṣù tí kò tó ń ṣe, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwìn ń pọ̀ sí.

Ẹ ó ní ṣebí òfin wà. Ó wà. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fi ọwọ́ sí i pé owó oṣù tí ó kéré jù lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ 70,000 náírà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì kéde 85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù ti ọdún 2019 yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Tíṣà mọ́kànlá ni ó wà ní ilé-ìwé ọmọbìnrin wa. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: èwo nínú wa ni ó gba ènìyàn 25 síṣẹ́? Ọmọ tí ń bá wa ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tí ń bá wa gbá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ni òfin yọ sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wa. A máa ń sọ pé "bí ọmọ mi ni mo ṣe mú un." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mú bí ọmọ, tí a kò rán ní ilé-ìwé bí ọmọ, tí kò sì ní jogún bí ọmọ, nígbà tí owó rẹ̀ bá pé ọjọ́ ni a máa ń rántí pé ọmọ ni.

A ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà padà. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú sí ìdáhùn wa àkọ́kọ́. A kò sọ fún un pé kí ó lọ, a kò sì sọ pé kí ó dúró. A ní kí ó lọ bá ìyá tí ó ni ilé-ìwé, kí ó jókòó, kí ó gbé ìṣirò ilé rẹ̀ sí orí tábìlì ní ìbọ̀wọ̀fúnni, kí ó sì bèèrè ohun tí ó ṣeé ṣe. A ní bí ó bá jẹ́ pé ní ọjọ́ tí ó bèèrè owó ni inú rere ibẹ̀ tán, yóò mọ irú inú rere tí ó jẹ́.

Ọjọ́ méjì ni onílé-ìwé náà kò fi rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, ó pè é wọ ọ́fíìsì, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún un: owó ilé tí wọ́n ń san, epo jẹnẹrétọ̀, owó tíṣà mọ́kànlá, àti owó tí òun fúnra rẹ̀ ń mú, èyí tí kò fi ohun púpọ̀ ju ti tíṣà rẹ̀ lọ. Ó fi 10,000 náírà kún owó rẹ̀. Ó sì gbà pé kí ó máa jáde ní aago kan ọ̀sán ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ó lè máa lọ kọ́ àwọn ọmọ kan nílé wọn ní Àpápá, kí owó ibẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ó ní ohun tí òun lè ṣe nìyẹn títí àwọn òbí yóò fi san gbèsè. Ọmọbìnrin náà kò tíì fún àwọn elépo ní èsì nígbà tí a ń kọ ìwé yìí. Ó ní òun àti ìyá òun ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, a sì rò pé ìyá náà ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ pè.

Ó fi ìtìjú sọ ìyókù fún wa. Ó ní ojú ìwé méjì gbáko ni orúkọ àwọn òbí tí ó jẹ gbèsè owó ilé-ìwé gbà, díẹ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará ìjọ wa. A bi í bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ọmọ-ọmọ tiwa wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé náà. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún wa nígbà Àjínde pé a kò tíì san ti táàmù tí ó kọjá, a sì ní kí ó fara balẹ̀, pé onílé-ìwé náà jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, kò ní lé ọmọ. 22,000 náírà ni. A san án ní ọjọ́ Ajé, a gba rìsíìtì.